Hubert Ògúnńdé àti Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Àwọn tí ó mọ Hubert Ògúnńdé nípa sinimá Ayé àti Jáiyésinmi nìkan lè má mọ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó ń ṣe kí ó tó di eléré. Òsósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ti bí i ní ọdún 1916. Ó ṣe olùkọ́, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941, wọ́n sì gbé e wá sí Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Níbẹ̀ ni ìjọ Aládùúrà ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe eré tí wọn yóò fi wá owó kọ́ ilé ìsìn. Eré Ọgbà Édẹ́nì tí ó ṣe ní Glover Hall, Èkó, ní oṣù June 1944 dùn mọ́ àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, tí ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀.

Ọlọ́pàá a máa gba owó oṣù, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Àpò àwọn tí yóò wá wòran lálẹ́ ni owó oṣù eléré wà. Ẹni tí ó bá Ògúnńdé ṣiṣẹ́ a máa sùn nínú ọkọ̀, a máa lu ìlù kiri ìgboro láti pe èrò, a sì máa di ọba tàbí olè lórí pèpéle bí ilẹ̀ bá ṣú.

Obìnrin ni ó ṣòro jù láti rí. Àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn lọ ṣe eré, ẹni tí ó bá sì gbà, bí ó bá lọ sílé ọkọ, ẹgbẹ́ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ògúnńdé bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ àwọn òṣèré náà fúnra rẹ̀, títí wọ́n fi lé ní mẹ́wàá. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. Lójú tiwa, ọgbọ́n òwò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè ṣàì rí i pé obìnrin tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ọkọ rẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti gba ìsinmi.

Ìjọba kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Nítorí Strike and Hunger, eré lórí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945, wọ́n mú un ní Jọ́ọ̀sì ní 1946, ó sì san owó ìtanràn. Ní 1948 wọ́n kọjá sí Góòlù Kóòsì, èdè wọn kò yé àwọn olùwòran, wọ́n sì pàdánù. Ní 1950 ni Bread and Bullet, lórí àwọn awakùsà 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Ẹnúgu ní 1949, tún kó o sí wàhálà ní Kánò.

Èyí tí ó dùn wọ́n jù ni Yorùbá Ronú, 1964. Ẹgbẹ́ Ọmọ Olófin ni ó ní kí ó ṣe eré fún ìfilọ́lẹ̀ wọn n'Íbàdàn. Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba, bínú jáde kúrò níbẹ̀, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fi òfin dè wọ́n. Ẹ rò ó wò: eléré Yorùbá tí kò gbọdọ̀ ṣeré nílẹ̀ Yorùbá, tí ó sì ní ẹnu púpọ̀ láti bọ́! Ní 1966, lẹ́yìn ìgbà tí ológun gbàjọba, ni Gómìnà Adékúnlé Fájuyì tú wọn sílẹ̀. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn kan náà ni ó lọ jó fún Nàìjíríà ní Montreal, ní Kánádà.

Ní oṣù September 1970, ìyàwó rẹ̀ Adéṣẹ̀wà Clementina, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Èkó, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré ní Iléṣà. Ìyàwó lọ, ohùn orin ẹgbẹ́ sì bá a lọ. Ògúnńdé kọ eré Àyànmọ́ lọ́dún náà, wọ́n sì tún wọ ọkọ̀, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni òun náà kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù April 1990. Òsósà ni wọ́n sin ín sí.