Kenneth Dike: Ẹni tó la ọ̀nà fún olùkọ́ ìtàn

Ọmọ Ìgbò ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike, ìlú Awka ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1917, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti ṣe iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò fi parẹ́. Ọdún 1950 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tó sì di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn.

Láyé ìgbà náà, ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn òyìnbó tó wá sílẹ̀ wa ló gba iwájú ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òyìnbó gbà pé ibi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀, kò sí ìtàn níbẹ̀. Dike kò gbà bẹ́ẹ̀. Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé àrọ́bá ni baba ìtàn; nínú ìwé tó kọ lórí òwò àti ìṣèlú ní Niger Delta, tó jáde ní 1956, òun náà lo ìtàn àtẹnudẹ́nu pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìjọba.

Ìwádìí rẹ̀ ló bí ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ Nàìjíríà pamọ́ sí ní 1954. Òun ló kọ́kọ́ jẹ ààrẹ Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955. Òun náà sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí Yunifásítì Ìbàdàn.

Lẹ́yìn òmìnira, ìtàn Adúláwọ̀ rọ́wọ́ mú nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun. Ìṣòro kan wá yọjú: ìtàn òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Àwọn akẹgbẹ́ Dike kò fi wọ́n sílẹ̀. Ní 1965, Ade Ajayi àti Ian Espie ṣe àkójọ ìwé kan lórí ẹgbẹ̀rún ọdún ìtàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Tarikh jáde fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama.

Rògbòdìyàn 1966 lé Dike kúrò n'Ìbàdàn. Ó kọ́ni ní Harvard lẹ́yìn ogun, ó sì kú ní Enugu ní 1983.

Nígbà tó yá, ìjọba yọ ìtàn kúrò lára ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà ní 2022, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kéde. Ọ̀nà tí àwọn ará Ìbàdàn ti là sílẹ̀ náà nìyẹn: ohun tí olùkọ́ kò bá ní, kò lè fi fún ọmọ.