LaMarcus Thompson, Ẹni tí ó fi Òkè Ṣe Eré

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní ọjọ́ kìíní tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa agbára, ọmọ kan bi mí léèrè ibi tí agbára òkúta ń gbé nígbà tí òkúta náà bá jókòó jẹ́ẹ́ lórí òkè. Mo fi ọ̀rọ̀ inú ìwé dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò yé e. Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó sún mi dé ìdí ìtàn yìí.

A bí LaMarcus Adna Thompson ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1848. Ní ìlú Elkhart, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ó rí owó púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ híhun. Ṣùgbọ́n làálàá iṣẹ́ náà ba ìlera rẹ̀ jẹ́, ó sì fi í sílẹ̀. Kò ká ọwọ́ gbera. Inú kò dùn sí i pé ilé ọtí ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá fàájì, ó sì pinnu láti ṣe eré tí ó mọ́ fún wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1884, ó ṣí ọkọ̀ ìgbafẹ́ rẹ̀ ní Coney Island, létí òkun New York. Ojú irin rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 600, owó rẹ̀ sì jẹ́ sẹ́ǹtì 5. Kò sí ẹ̀rọ tí ń fa ọkọ̀ náà. Àwọn èrò a gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè, wọn a jókòó, ọkọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Lókè, agbára rẹ̀ jẹ́ agbára àpamọ́. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, agbára náà ń di agbára ìrìn. Bí ó bá kan gegele, eré rẹ̀ a dín kù, agbára ìrìn a tún padà di àpamọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń ha irin, afẹ́fẹ́ sì ń dè é lọ́nà. Àwọn méjèèjì ń gba owó ibodè. Nítorí náà kò lè dé ibi gíga tí ó ti kọ́kọ́ gbéra mọ́. Nígbà tí ó bá dé òpin, àwọn èrò a sọ̀ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a sì fi òógùn ojú tì í gòkè kí wọn tó lè padà.

Ní ọdún 1885, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1887, ó kọ́ òmíràn sí Atlantic City, tí ó ní àwòrán òkè àti ihò láti wò. Ó kú ní ọdún 1919.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Gáná, Sàró, Tógò àti ibòmíràn wá, a ó padà sí ilé láti di olùkọ́. Kò sí ọkọ̀ Thompson ní abúlé wa, ṣùgbọ́n pákó àti ọsàn kò wọ́n wa. Mo padà lọ bá ọmọ náà. Mo ní kí òun tìkára rẹ̀ gbé ọsàn sórí pákó tí ó dagun, kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó sì tún gbé e gòkè. Lẹ́yìn ìgbà kẹwàá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na apá rẹ̀ hàn mí: láti ibẹ̀ ni agbára náà ti wá.