Florence Kelley: Obìnrin Tó Wọ Ilé-iṣẹ́ Lọ Láti Wo Bí Wọ́n Ṣe Ń Pa Òfin Mọ́

Nínú àwọn tó là á yé ìjọba pé ṣíṣe òfin iṣẹ́ nìkan kò tó, orúkọ Florence Kelley kò ṣeé fò dá. Ìlú Philadelphia ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni a bí i sí ní ọdún 1859. Aṣòfin ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kàwé gboyè ní Yunifásítì Cornell ní ọdún 1882.

Ní ìparí ọdún 1891, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lọ sí ìlú Chicago. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Illinois gbé iṣẹ́ ìwádìí lé e lọ́wọ́, ó sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó bá ìyá àti ọmọ nínú yàrá tóóró, níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ fún owó táṣẹ́rẹ́. Ó ka iye wọn, ó sì bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀.

Ìwádìí yìí wà lára ohun tó bí òfin ọdún 1893. Òfin náà kò gba kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14 ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, wákàtí 8 lóòjọ́ ni ó sì fi mọ fún àwọn obìnrin. Gómìnà Altgeld fi Kelley ṣe olórí àwọn olùbẹ̀wò, àwọn 11 péré ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba kọ̀ láti pe àwọn arúfin lẹ́jọ́, Kelley fúnra rẹ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin.

Ọ̀nà kò dán. Ní ọdún 1895, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Illinois fagi lé òfin wákàtí 8. Ní ọdún 1897, gómìnà tuntun gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, láti ọdún 1899 títí tó fi kú ní 1932, òun ni ó darí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníbàárà ní New York. Ẹgbẹ́ náà ń ṣàbẹ̀wò sí ilé-iṣẹ́ aránṣọ; èyí tó bá pa òfin mọ́ nìkan ni ó ń rí àmì funfun wọn gbà sára aṣọ rẹ̀. Ní ọdún 1938, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ààlà sí iṣẹ́ ọmọdé.

Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa, ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ kò fara sin. Òṣìṣẹ́ tí ìyà lè tètè jẹ ni ó máa ń jìnnà sí ojú ìjọba jù lọ. Bí a kò bá wọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí a kà á, kí a sì béèrè owó ọ̀yà rẹ̀, inú ìwé nìkan ni òfin tí a ṣe fún un yóò máa gbé.