Richard Courant: Ọ̀gá Nínú Ìmọ̀ Ìṣirò

Yahúdì ni ẹni tí a mú wá fún yín lóṣù yìí. Ìtàn rẹ̀ yóò bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí ó tó lè kàwé lára mu, irú wọn sì pọ̀ ní Amukòkò wa níhìn-ín.

Ọdún 1888 ni wọ́n bí i ní Lublinitz, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, tó ti di ara Poland lónìí. Òwò bàbá rẹ̀ dojú dé. Láti ọmọ ọdún 14 ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìn kí ó lè rí owó ná. Nígbà tó yá, ó dé Göttingen lọ́dọ̀ Hilbert, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1910. Ó bá Jámánì ja Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì fara gbọgbẹ́.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké ní ojúlé kan, ìró rẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́, ó ń kọlu ògiri, ó ń yà sí kọ̀rọ̀, títí ó fi dé etí ẹni tó ń sùn ní ilé kẹta. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ ìṣirò ìgbì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè yanjú rẹ̀ fún àgbàlá tó kún fún kọ̀rọ̀ àti páànù? Ní 1928, Courant, Friedrichs àti Lewy fi hàn pé ẹni tó bá ń ṣírò ìgbì lórí àwọ̀n, tó ń fi ti àná wá ti òní, kò gbọdọ̀ gbé ìṣísẹ̀ àkókò tó gùn ju èyí tí ìgbì fi ń ti ojú àwọ̀n kan dé èkejì. Bí ó bá gùn jù, èsì yóò dàrú pátápátá. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà láyé nígbà náà o! Lójú tiwa, èyí ni olórí iṣẹ́ rẹ̀.

Hitler gorí àlééfà ní 1933. Kò sí ẹni tó ka ọgbẹ́ ojú ogun yẹn sí. Wọ́n yọ Courant kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò tí òun gan-an ṣe wàhálà kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ẹni ọdún 45 ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ. Ó gba Cambridge dé New York ní 1934. Friedrichs kì í ṣe Yahúdì, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin Yahúdì ló fẹ́ gbé níyàwó, òfin Hitler sì ka ìyẹn léèwọ̀. Òun náà sá wá ní 1937.

Ní 1943, Courant tẹ ìwé kan jáde. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gé ojú ohun tó fẹ́ ṣírò sí onígun mẹ́ta kéékèèké, tó ṣe ìṣirò tó rọrùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì so wọ́n pọ̀ ní igun wọn. Irin oníhò tí wọ́n ń lọ́ ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Díẹ̀ ló kà á sí. Ó di 1956 kí àwọn ẹnjiníà kan, tí àwọn ti Boeing wà lára wọn, tó gbé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jáde fún ọkọ̀ òfúrufú. Ní 1960 ni Ray Clough sọ ọ́ ní finite element. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ lónìí bí ìró yóò ṣe rìn nínú gbọ̀ngàn tí wọn kò tíì kọ́, tàbí nínú sálẹ́ńsà mọ́tò.

Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní yunifásítì New York ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní 1964. Ó kú ní oṣù January 1972, ní ẹni ọdún 84.