Heike Kamerlingh Onnes: Ọkùnrin tó rí i pé iná lè gba wáyà kọjá láìsí ìdíwọ́

Ní Ìkàrẹ́ Àkókó, bí ó ti rí níbi gbogbo, wáyà tí iná mànàmáná bá ń gbà kọjá máa ń gbóná. Ìdíwọ́ inú wáyà ló ń fa ooru náà, òun ló sì ń jẹ nínú iná kí ó tó dé ilé wa. Heike Kamerlingh Onnes, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ́kọ́ rí i pé ìdíwọ́ yìí lè pòórá pátápátá.

Ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1853, ni wọ́n bí i ní ìlú Groningen. Bàbá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì. Ní ọdún 1882 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Leiden, níbi tó ti gbájú mọ́ ìmọ̀ nípa òtútù líle.

Ìlú kò kọ́kọ́ gbà fún un. Ní ọdún 1807, ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹ̀tù ti bú gbàmù ní Leiden, ibi tó ti ṣọṣẹ́ ni wọ́n sì kọ́ ilé ìwádìí rẹ̀ sí. Ẹ̀rù àgbá afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ ba àwọn ará ìlú, iṣẹ́ òtútù náà sì dúró láti ọdún 1895 di ọdún 1898.

Kò jáwọ́. Ní ọjọ́ 10, oṣù keje, ọdún 1908, ó sọ afẹ́fẹ́ helium di omi, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ní oṣù kẹrin, ọdún 1911, òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, tí Gilles Holst wà lára wọn, fi iná gba inú mẹ́kúrì tó tutù dé bíi ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo. Ìdíwọ́ náà pòórá lójijì. Ní ọdún 1913 ó gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ òtútù rẹ̀.

Ó wá ń retí láti fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ ṣe òòfà alágbára tí kò ní gbóná. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ní ọdún 1914 ó rí i pé agbára òòfà fúnra rẹ̀ ló ń dá ìdíwọ́ náà padà. Ó kú ní ọjọ́ 21, oṣù kejì, ọdún 1926, láì rí òòfà tó ń wá.

Lónìí, irú òòfà náà wà nínú ẹ̀rọ tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá fi ń ya àwòrán inú ara. Láti ọdún 1986, àwọn onímọ̀ tún ti rí àwọn èròjà tí kò nílò òtútù tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń tẹ́ wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí nǹkan líle. Síbẹ̀, agbára òòfà máa ń wọ inú wọn bí okùn tín-ín-rín. Bí okùn wọ̀nyí bá ń rìn, ìdíwọ́ yóò padà. Bí a ṣe máa dá wọn dúró lójú kan ni iṣẹ́ tó kù. Ọjọ́ tí a bá ṣe é tán, tí òtútù náà kò sì wọ́n mọ́, iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kí ó tó dé Àkókó yóò dín kù gidigidi.