Charlie Chaplin, ọmọ tó jẹun ní workhouse

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí Kennington, ilé àtijọ́ kan wà ní Renfrew Road tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sinimá. Ara workhouse Lambeth ni tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tálákà sí. Charlie Chaplin, aláwàdà tí gbogbo ayé mọ̀, wà lára àwọn ọmọ tó wọ workhouse náà.

Ọdún 1889 ni wọ́n bí i. Olórin orí ìtàgé ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bàbá fi wọ́n sílẹ̀, ọtí ló gbájú mọ́. Nígbà tí ohùn Hannah, ìyá rẹ̀, bàjẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ rán. Kò rówó san lórí maṣín-ìnì tó ń san díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n bá wá gbé e lọ. Ní 1896, tí Charlie ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 7, òun, ìyá rẹ̀ àti Sydney ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ workhouse.

Látìgbà òfin 1834 ni wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ibẹ̀ le, kí ẹni tó bá ṣì lè rọ́gbọ́n dá níta má bàa wá. Béèyàn bá ti dé, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á gba aṣọ rẹ̀, wọ́n á fún un ní ti ilé náà. Àwọn ọkùnrin ń fọ́ òkúta, wọ́n ń tú ògbólógbòó okùn ọkọ̀ ojú omi sí fọ́nrán. Búrẹ́dì àti ògì òyìnbó tó ṣàn ni oúnjẹ. Èyí tó burú jù ni pé ọkọ lọ́tọ̀, ìyàwó lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀.

Wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sílé-ìwé kan ní Hanwell. Làpálàpá mú Charlie lórí, wọ́n fá irun rẹ̀ kodoro, wọ́n fi aodíìnì kùn ún. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń na àwọn ọmọ níṣojú gbogbo ilé-ìwé. Wọ́n na Charlie náà fún ohun tí kò ṣe.

Ní 1898 wọ́n tún padà sí Lambeth, wọ́n sì tún kó àwọn ọmọ lọ sí Norwood. Ẹ wá wo ọgbọ́n ìyá yìí o! Bí ìyá bá ní òun ń lọ, dandan ni kí wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ fún un. Lóṣù kẹjọ, Hannah ní òun ń lọ. Wọ́n dá aṣọ wọn padà, ó ti rún wómúwómú, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gba Kennington Park lọ. Pẹ́nì 9 tí Sydney tọ́jú ni wọ́n fi ra èso cherry, tí wọ́n sì fi jẹun. Wọ́n fi ìwé ìròyìn ká bọ́ọ̀lù, wọ́n jùmọ̀ ń jù ú síra wọn. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, wọ́n padà wọlé. Inú bí àwọn òṣìṣẹ́ gidi, torí gbogbo ètò ìgbàwọlé ni wọ́n ní láti tún ṣe.

Kò pẹ́ tí orí Hannah fi dàrú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Cane Hill. Charlie wọ ẹgbẹ́ oníjó. Nígbà tó di 1914 ó ti ń ṣe sinimá ní Amẹ́ríkà. Nínú The Kid, tó jáde ní 1921, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ ọ, kí wọ́n lè gbé e lọ sílé àwọn ọmọ òrukàn. Lọ́dún yẹn náà ni òun àti Sydney mú ìyá wọn wá sí California. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 1928.