George Anson: Ọ̀gá ọkọ̀ ogun tí àmì ìdílé rẹ̀ wà lára àwo tánganran

Ọdún 1697 ni wọ́n bí George Anson ní Shugborough, ní Staffordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1712 ló wọ iṣẹ́ ológun ojú omi.

Lọ́dún 1740, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá Spéènì jà, ó kó ọkọ̀ ogun mẹ́fà lọ sí Òkun Pàsífíìkì. Àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,900. Àìsàn tí àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́ ń fà pa wọ́n ju ìbọn ọ̀tá lọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, Centurion, ló kù fún un. Ní erékùṣù Tinian, gbẹ̀rẹ̀fútù wà lára ohun tí ebi fi dá àwọn tó kù sí.

Lọ́dún 1743, ó gba ọkọ̀ Spéènì kan tó kó owó fàdákà tó ju 1,300,000 lọ. Nígbà tó dé Canton ní Ṣáínà, iná sọ níbẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ sì bá wọn pa á. Ìtàn ní àwọn oníṣòwò òyìnbó ibẹ̀ ló fi àwo tánganran dá a lọ́lá. Àwọn ayàwòrán Ṣáínà ya àmì ìdílé Anson sí i lára, àti igi gbẹ̀rẹ̀fútù yẹn.

Ó padà délé lọ́dún 1744 pẹ̀lú ọrọ̀ rẹpẹtẹ, ó di olórí iléeṣẹ́ ológun ojú omi lọ́dún 1751, ó sì kú lọ́dún 1762.

Àwo náà, tó lé ní 200, ṣì wà ní Shugborough. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà ní Britain, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ rántí pé orúkọ ìdílé kan ló wà lára àwo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni kò bọ̀.